Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Kí ni Ẹgbẹ́ Òbí Wà Fún ní Ilé-ẹ̀kọ́ Girama?

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wọlé fún sáà tuntun ni lẹ́tà ti ń ya wọ ọ́fíìsì wa ní Abẹ́òkúta, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ló dá lórí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí PTA. Inú ń bí àwọn kan, ọ̀rọ̀ náà rú àwọn mìíràn lójú, àwọn díẹ̀ sì fẹ́ ṣe ìrànwọ́ ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbà wọlé. Mo yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú. Kí ẹ má baà rò pé òkèèrè ni mo ti ń wòran, ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú yìí, nígbà tí àwọn ọmọ mi ń lọ síbẹ̀. N kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀ ló ṣeé fi yangàn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ọmọ mi obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìpàdé méjì ni wọ́n ti pè wá sí, owó ni wọ́n sì ní ká dá ní méjèèjì: owó àga lákọ̀ọ́kọ́, owó ọdẹ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá mú owó wá kò ní í jókòó ní kíláàsì. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni ìjọba pè é? Kí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí gan-an, ṣé dandan sì ni kí n san? (Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú)*

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn yín jù. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ó sì ka ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti àga mọ́ ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ sanwó fún. Òfin kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti lé ọmọ yín kúrò ní kíláàsì nítorí owó àga. Tí wọ́n bá lé e, ẹ lọ rí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ní pẹ̀lẹ́tù. Ẹ má bá olùkọ́ kíláàsì jà, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú níbẹ̀, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wà ní Òkè-Mósàn, ẹnu ọ̀nà wọn kò sì ní títì mọ́ òbí tó bá mú ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ká ẹní yín kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ gbọ́ apá kejì rẹ̀. Gbogbo òbí àti alágbàtọ́ tó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo olùkọ́ tó ń kọ́ wọn, ni ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́jọ tó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé kì í ṣe ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yàn ni wọ́n. Ọjọ́ tí ọmọ yín wọ JSS1 ni ẹ̀yin náà ti di ọmọ ẹgbẹ́, yálà ẹ san kọ́bọ̀ tàbí ẹ kò san, ẹ sì ní ohùn tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá sí ìpàdé.

Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ará ìlú ni Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, tí àwọn Onítẹ̀bọmi sì dá Baptist Boys' High School sílẹ̀ ní 1923, owó ìjọ àti owó tí òbí ń san ló gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955, nígbà tí ó sì di 1979, tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN dé sí ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ Gómìnà Olábísí Ọnàbáńjọ, girama náà di ọ̀fẹ́. Ohun rere ni, àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ ti di àgbà lónìí. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti gbà pé bí àwọn bá ti ra yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà, iṣẹ́ àwọn ti parí. Ẹnu àlàfo yẹn, láàárín ohun tí ìjọba ṣèlérí àti ohun tó dé ọwọ́ ọmọ, ni ẹgbẹ́ òbí ti ń ṣiṣẹ́.

Báwo ló ṣe yẹ kó ṣe é? Ọmọ Lísàbí ni wá. Àáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ ro oko tèmi, lọ́la, a ro oko tìrẹ, kò sẹ́ni tó sanwó fún ẹnìkan, kò sì sẹ́ni tí oko rẹ̀ kún fún igbó. Láti inú àáró náà ni Ẹgbẹ́ Olórógun ti jáde, àwọn ló sì bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Ẹ̀gbá. Àáró ni mo gbà pé ẹgbẹ́ òbí yẹ kó jẹ́. Níbi tó bá ti di ẹnu bodè, tí àwọn oníbodè jókòó tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, ó ti ya kúrò lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ìpàdé kẹta, ẹ nawọ́ sókè. Ẹ béèrè bóyá wọ́n dìbò lórí owó náà àti iye òbí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di owó ìfẹ́ àtinúwá fún àwọn òbí JSS, kí ẹni tí kò bá ní owó sì lè fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n yé ka orúkọ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tíì san níbi àpéjọ àárọ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan rí, tó sá sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo rí lábẹ́ páànù. Sáńdà rẹ̀ kan ti já, ó sì fi rọ́bà dúdú so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Owó tí a ń wá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kò tó iye tí a fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àlejò ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ yẹn.

*Awakọ̀ ni mí ní Láfẹ́nwá. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde nílé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́rú ni wọ́n sì máa ń fi ìpàdé sí. Owó kò sí lọ́wọ́, àyè kò sí. Mo kàn ń wò ó pé irú èmi kò lè wúlò fún ẹgbẹ́ náà. Àbí irọ́ ni mo pa? (Bàbá onímọ́tò, Láfẹ́nwá)*

Irọ́ ni, ọ̀gá awakọ̀, mo sì ní ẹ̀rí. Ohun tó dára jù tí ẹgbẹ́ wa ṣe láàárín ọdún mẹ́rin tí mo fi jẹ́ akọ̀wé kò ná wa ju aṣọ pupa ọ̀pá méjì lọ, awakọ̀ bíi tiyín ló sì mú un wá.

Ẹ̀bá títì ni ilé-ẹ̀kọ́ wa wà. Bí ago bá ti dún ní ọ̀sán, àwọn ọmọ yóò tú jáde bí eéṣú, wọ́n á máa gba àárín kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ akẹ́rù sọdá. Ìgbà méjì ni ọkọ̀ gbá ọmọ nínú sáà kan, ọpẹ́ ni pé kò sí èyí tó kú nínú wọn. A ṣe ìpàdé, a kọ̀wé pé kí ìjọba wá ṣe òkìtì tó ń dín eré ọkọ̀ kù sójú títì náà, a dúró, a kò rí nǹkan. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, bàbá kan wọlé nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ túká, táwẹ́lì ìnujú wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ní kí a jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní kì í ṣe eré sísá àwọn ọmọ nìkan ló ń fa ewu náà. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò máa ń dúró gan-an ní ẹnu géètì, ọmọ á wá yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, awakọ̀ tó ń bọ̀ kò sì ní í rí i títí yóò fi dé ibi tí búréèkì kò ti lè ṣe nǹkan mọ́. Ó ní kí a sún ibùdókọ̀ náà síwájú, sábẹ́ igi máńgòrò. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Lẹ́yìn náà, òbí méjì-méjì ń dúró ní títì fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, pẹ̀lú aṣọ pupa lórí igi. Nítorí pé a pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ méjì ni ó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa tó kàwé jù nínú ìgbìmọ̀ ti ń kọ̀wé kiri fún oṣù mẹ́ta. Ojú ẹni tó ń wakọ̀ ló rí ìdí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ ka ara yín sí aláìní. Nọ́ọ̀sì tó bá lo wákàtí kan láti bá àwọn ọmọbìnrin JSS sọ̀rọ̀ nípa nǹkan oṣù wọn, tó sì jẹ́ kí páàdì díẹ̀ máa wà lọ́wọ́ olùkọ́ obìnrin kan, ti gba ọjọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ là fún wọn. Káfíńtà méjì tó jẹ́ òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa fi Sátidé kan ṣoṣo tún tábìlì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe, ìṣó àti gọ́ọ̀mù nìkan ni ẹgbẹ́ rà. Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ kì í ṣe òkú tábìlì, ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ kan fẹ́ràn ríra tuntun ju títún ṣe lọ, bóyá nítorí pé ẹni tó bá tún nǹkan ṣe kì í rí ibi kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ní ti àkókò ìpàdé, ẹ̀yin lẹ jàre. Ìpàdé àárọ̀ ọjọ́rú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè tọrọ àyè nìkan ni ó wà fún. Kí wọ́n máa fi ọ̀kan sí ọ̀sán Sátidé ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó má kọjá wákàtí méjì, kí akọ̀wé sì fi ohùn ka ìpinnu ìpàdé sórí WhatsApp fún ẹni tí kò lè wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. N kò mọ ohun tó ń mú kí àwọn Ẹ̀gbá ọgọ́rùn-ún kó ara wọn jọ sínú gbọ̀ngàn kan kí wọ́n sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jiyàn, tí ìdajì àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ á máa ka páànù àjà.

*Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní agbègbè Ọ̀bàntókò. Ní sáà tó kọjá, àwọn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ PTA wọ kíláàsì mi nígbà tí mo ń kọ́ni lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn wá yẹ̀ mí wò. Alága wọn ń pàṣẹ fún ọ̀gá wa bíi pé òun ló gbà á síṣẹ́. Síbẹ̀, n kò lè bú wọn tán, nítorí pé olùkọ́ físíìsì àti ti Faransé tí a ní, owó ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń gbà. Níbo ni agbára wọn mọ? (Olùkọ́ kan, Ọ̀bàntókò)*

Agbára wọn kò dé inú kíláàsì yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba olùkọ́ girama síṣẹ́ tó sì ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, àwọn aṣàyẹ̀wò iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló sì ni ẹ̀tọ́ láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Òbí tó bá ní ẹ̀dùn lórí olùkọ́ yóò kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì, yóò kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, wọn yóò sì pe olùkọ́ náà jáde nígbà tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ni kí ó kó ẹ̀dùn àwọn òbí jọ, kí ó sì gbé e síwájú ọ̀gá àgbà lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí ogún òbí máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ má sì da PTA pọ̀ mọ́ SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láti ṣètò ara rẹ̀. Òbí àti olùkọ́ nìkan ló wà nínú PTA. Ní ti SBMC, aṣojú ọba tàbí baálẹ̀ àdúgbò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kódà akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá máa ń ní ìjókòó níbẹ̀. Bí alága yín bá fẹ́ bá wọn dá sí ètò ilé-ẹ̀kọ́, ẹnu ọ̀nà yẹn ló tọ́ kó gbà.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí PTA ń sanwó fún ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Mo mọ̀ pé bí kò bá sí wọn, àwọn ọmọ SS3 kan yóò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìrí olùkọ́ físíìsì sójú rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a fi ti ògiri ni wọ́n, onílé kò sì gbọdọ̀ tìtorí ọ̀pá gbàgbé pé ògiri ṣì ń wó. Kí ẹgbẹ́ máa kọ̀wé sí ìjọba ní ọdọọdún, kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ tí kò ní olùkọ́ àti iye ọmọ tó ń ṣe é, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń dúró, kí wọ́n gba ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí wọ́n sì máa san owó rẹ̀ ní oṣooṣù. Àwọn kan ń dúró di ìparí sáà, nígbà tí owó bá "wọlé." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ọmọ mi ní físíìsì máa ń ti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó fi ẹsẹ̀ rìn wá síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó bá kẹ́yìn sáà. Àwa tí a jẹ ẹ́ lówó máa ń gbé ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ni olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa jábọ̀ fún o, kì í ṣe alága. Ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, ọmọ ẹgbẹ́ ni yín. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Kò yẹ kí olùkọ́ ìlú yìí máa jókòó sẹ́yìn ìpàdé bí àlejò, kó máa dúró kí òbí tán ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

*Ọdún mẹ́sàn-án ni alága PTA wa ti wà lórí oyè, ọmọ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn sì ti jáde ní yunifásítì. Mo béèrè ìṣirò owó ní ìpàdé, ẹnìkan sì dáhùn pé obìnrin kì í yọjú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó. Kí ni mo tún lè ṣe? (Ìyá kan, Kútọ̀)*

Ẹ dìde padà, ìyá mi! Abẹ́òkúta nìyí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, ló ṣáájú àwọn obìnrin tó béèrè ìṣirò owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ààfin sílẹ̀ ní 1949 nítorí ọ̀rọ̀ náà. Bí obìnrin Ẹ̀gbá bá lè bi Aláké léèrè ọ̀rọ̀, kí ni alága PTA?

Ní ti oyè alága, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ẹni tí kò ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́ kì í ṣe òbí níbẹ̀ mọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi í ṣe baba ìsàlẹ̀ bí ó bá wù yín, kí ẹ sì dìbò. Ẹ wo ìwé òfin ẹgbẹ́. Bí kò bá sí, òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló gùn. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí àpò owó tó wà ní báńkì máa jẹ́, kí ẹni méjì ó kéré jù máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí gbogbo ìnáwó ní rìsíìtì, kí òbí méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ sì yẹ ìwé wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara pátákó níbi tí òbí tó bá wá mú ọmọ lè kà á. Púpọ̀ nínú yín ti mọ èyí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ni pé ìwé ìṣirò lè mọ́ kangá kí owó ṣì ṣòfò.

Ọdún kejì mi ni a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. A kun àgbá omi rẹ̀ ní búlúù, a kọ orúkọ ẹgbẹ́ àti ti gbogbo ìgbìmọ̀ sí i lára, tèmi náà wà níbẹ̀, a sì pe ayàwòrán. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè ẹni tí yóò máa ra epo fún jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi. Kí sáà kejì tó parí, epo ti di ìjà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́. Ní sáà kẹta, àwọn olè gé wáyà. Nígbà tí yóò fi pé ọdún kan, àwọn ọmọ ti padà sí gbígbé ike omi láti ilé, alángbá sì ń yá oòrùn lórí àgbá tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Àwọn ayẹ̀wéwò yẹ ìwé wa wò, wọ́n ní ó pé. Lóòótọ́ ló pé, kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dìde, ẹ má dá a dúró sí iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ béèrè pé àwọn ohun tí a rà lọ́dún tó kọjá, èwo nínú wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Eélòó ni a yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe?

*Ṣé ó pọn dandan kí PTA ní aṣọ ẹgbẹ́? Tiwa ti mú àǹkárá. (Òbí kan, Pánṣẹ́kẹ́)*

Kò pọn dandan. Bí ó bá di ọ̀ranyàn, kí wọ́n kúkú ra àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá wa ará Ìtòkú tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, kí òun náà lè rí owó àga san.

*Ọmọ mi wà ní SS3. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ dábàá pé kí òbí kọ̀ọ̀kan mú owó kan wá fún "ìtọ́jú àlejò" nígbà WAEC, kí iṣẹ́ lè rọrùn fún àwọn ọmọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́. Bí n kò bá san, ṣé kì í ṣe ọmọ mi ni mo ń fi ìyà jẹ? (Bàbá kan, Asẹ́rò)*

Ẹ má san án. Láti 1999 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí màgòmágó nínú ìdánwò, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. WAEC lè dá èsì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ dúró, ó lè fagi lé e, ó sì lè gba àṣẹ ṣíṣe ìdánwò lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ọmọ tó sùn sídìí ìwé fún oṣù mẹ́fà àti ọmọ tí kò ṣí ìwé rí yóò jọ máa wo ojú ara wọn nílé ni. Ẹ tún rántí pé láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá: ọmọ tí wọ́n kọ ìdáhùn sí pátákó fún nígbà WAEC yóò dá jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn.

N kò bá àwọn tó pàtẹ́wọ́ wí jù, nítorí ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ fún wọn ní ohun mìíràn tí wọ́n lè fi owó kan náà ṣe. Ẹ wo yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ ìdánwò kẹ́mísírì gan-an ni ọmọ ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá dígí tí a fi ń kán ásíìdì sínú ìgò. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ fún un lórí pátákó láti SS1, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń yí ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yóò fi yí àwọ̀ ohun tó wà nínú ìgò padà. Ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò kọjá ààlà, iye tó kọ yóò sì ṣìnà. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn mi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, a fi owó PTA ra búrẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ásíìdì àti àwọn èròjà yòókù, olùkọ́ kẹ́mísírì sì gbà láti máa ṣí yàrá náà ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ọmọbìnrin kan yí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì, ó dì í mú, ó tún yí i. Nígbà tí omi yẹ́lò inú ìgò náà pọ́n rúsúrúsú lójijì, ó kígbe, "Ẹ wò ó, ó ti yí!" gbogbo wọn sì sáré yí i ká. SS kò sí lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí mo dárúkọ lókè yẹn, nítorí náà bí àwọn òbí bá fi ẹnu kò, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má dáwó fún irú nǹkan báyìí.

Ẹ fi kún un pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìbéèrè àtijọ́ fún gbogbo ọmọ, kí ẹ sì bá onílé kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò dúnàádúrà fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fi bí JAMB ṣe rí kọ́ ọwọ́.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún akọ̀wé pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé òbí kan ta ko owó ìtọ́jú àlejò náà, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó dábàá rẹ̀ sí i. Ẹ ó rí i pé kí akọ̀wé tó tẹ bírò bọ̀wé, ẹni náà yóò ti ní òun fẹ́ fa àbá òun padà.